Ta Ni A Ó Fi Àṣírí Olùfisùn Lé Lọ́wọ́?

Ẹgbẹ́ tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Òkè-Ògùn, ìbáà jẹ́ ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, kò lè ṣiṣẹ́ láìgba orúkọ ènìyàn sílẹ̀: ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò, àgbẹ̀ tí màlúù jẹ oko rẹ̀, ẹlẹ́rìí tí ẹ̀rù ń bà. Lóde òní, inú fóònù àti kọ̀ǹpútà ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Bí ẹ̀rọ náà bá wá bàjẹ́, ta ni a ó gbé e fún?

Òfin ti là wá lọ́yẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 là á sílẹ̀ pé kí àdéhùn alákọsílẹ̀ wà pẹ̀lú ẹni tí a bá fi àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn lé lọ́wọ́ láti bá wa ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí àṣírí bá tú lọ́nà tí ó lè pa wọ́n lára, ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Dátà létí láàárín wákàtí 72.

Ṣùgbọ́n òfin kì í tún ẹ̀rọ ṣe. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀. Atúnfóònùṣe àdúgbò lè pààrọ̀ bátìrì tàbí ojú fóònù, níṣojú wa, láìgba nọ́ńbà ìṣíde lọ́wọ́ wa. Ní ti ààbò ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn sí aráyé ni kí a kàn sí. Paradigm Initiative, tí ó ní ọ́fíìsì ní Èkó, ti ṣe ìtọ́nisọ́nà kan tí wọ́n pè ní Ayeta, láti inú ọ̀rọ̀ Yorùbá fún oògùn tí ń yẹ ọta ìbọn. Access Now pẹ̀lú ń ran àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àti oníròyìn lọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sán-tòru, láìgba kọ́bọ̀. Nítorí náà, jíjìnnà Òkè-Ògùn sí Ìbàdàn àti Èkó kì í ṣe ìdènà.

Síbẹ̀, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ oníye mẹ́fà kún ààbò WhatsApp rẹ̀, kí ó sì pa àkọsílẹ̀ tí kò wúlò mọ́ rẹ́. Ẹni tí ó fẹjọ́ sùn gbà wá gbọ́ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìgbàgbọ́ náà di ewu fún un.