Ọwọ́ Òsì Náà Ní Ohùn

Bí ọmọ bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a óò bá a wí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lórí gìtá pàápàá, ìránṣẹ́ ni òsì: òun a tẹ okùn, ọ̀tún a sì ta á.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1969, Emmett Chapman, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka ọwọ́ méjèèjì kan okùn mọ́ ọrùn gìtá, okùn a sì dún láìjẹ́ pé a ta á. Ní 1974 ó gbé ohun èlò olókùn mẹ́wàá jáde fún iṣẹ́ náà. Ọwọ́ kan ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, èkejì ń gbé orin. Ọwọ́ méjèèjì náà ni àwọn Mandinka fi ń ta okùn 21 tí ó wà lára kora.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá jókòó ti gìtá lẹ́yìn ìsìn, tí òsì rẹ̀ ń wá ohùn orin ìyìn, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ̀bùn púpọ̀ ti kú sínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.