Igi gbíngbín nìkan ò lè lé èéfín jẹnẹrétọ̀ kúrò ní yunifásítì

Lọ́dọọdún, tó bá ti di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, Ọjọ́ Àyíká Lágbàáyé, àwọn aláṣẹ yunifásítì á kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n á gbin igi, wọ́n á ya fọ́tò. Nǹkan tó dáa ni. Àmọ́ tílẹ̀ bá ṣú, tí iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ló tún kù tí wọ́n máa tàn. Èéfín rẹ̀ á sì máa fẹ́ wọlé bá àwọn tó ń kàwé.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A kúrò ní ₦68 lọ sí ₦225. Díẹ̀ ni wọ́n sì dín níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Dísù náà ò sì rọjú. Tí yunifásítì ò bá rówó san, ọ̀nà méjì ló kù: kí iná kú, tàbí kí owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san gun òkè.

Ìjọba àpapọ̀ ti wá nǹkan ṣe sí i. Lábẹ́ ètò Energizing Education tí àjọ REA ń bójú tó, Bayero University, Kano, gba iná oòrùn mẹ́gáwáàtì 7.1 lọ́dún 2019. Ti OAU Ilé-Ifẹ̀ àti UNILAG, gáàsì ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí. Gáàsì sàn ju dísù lọ lóòótọ́, àmọ́ jíjó ni wọ́n ń jó òun náà, ó ṣì ń dá kún ooru ayé.

Iná oòrùn náà ní tiẹ̀. Bátìrì máa ń gbó, eruku ọyẹ́ sì máa ń bo páńẹ́lì. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: kó tó di pé wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, ó yẹ kí owó àtúnṣe ti wà nílẹ̀, kí wọ́n sì ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹnjiníà bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí ò ní kí wọ́n dúró de Àbújá. Yunifásítì lè ka iye lítà dísù tó ń jó lóṣù, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri fún tẹrú-tọmọ láti rí. Ohun téèyàn ò bá kà, kò lè mọ̀ bóyá ó ń dín kù.

Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún gbin igi. Ìbéèrè táwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè bi àwọn aláṣẹ lọ́jọ́ náà ò le: lítà dísù mélòó lẹ jó láti èṣí?