Ta Ló Yọ Támárì Kúrò Lórí Igi Jésè?

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe igi Jésè nínú yín, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè tán tí ẹ ń tọ́mọ ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ wà.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ní Àdífẹ́ǹtì, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Kérésìmesì, ọ̀pọ̀ ìdílé onígbàgbọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń gbé ẹ̀ka igi kan kalẹ̀. Wọ́n á ka ìtàn Bíbélì kan lójúmọ́, àwọn ọmọ á fi páálí tàbí aṣọ ṣe àmì ìtàn náà, wọ́n á sì fi í kọ́ sórí igi: ọkọ̀ fún Nóà, àgbò fún Ísáákì, àkàsọ̀ fún Jákọ́bù, dùùrù fún Dáfídì, títí dé ọ̀dọ̀ Jésù. Aísáyà 11 lorúkọ rẹ̀ ti wá, níbi tí wòlíì ti rí ẹ̀ka tó rú láti ara kùkùté Jésè, bàbá Dáfídì. Igi yìí ti wà lára gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Chartres ní Faransé láti nǹkan bí ọdún 1150.

A fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì á rí i kíá pé oríkì àti àrokò ló pàdé lórí igi kan: à ń ka ìran ẹnì kan, a sì ń fi nǹkan rọ́pò ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí wa. Mátíù, tó to ìran Jésù lẹ́sẹẹsẹ, dárúkọ Támárì, Ráhábù àti Rúùtù, ó sì mẹ́nu kan aya Ùráyà kó tó dé ọ̀dọ̀ Màríà. Nínú ọ̀pọ̀ àkójọ àmì tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn òbí, Rúùtù ní ọkà tirẹ̀, Ráhábù ní okùn pupa. Támárì ńkọ́? Aya Ùráyà ńkọ́? Wọ́n ti fò wọ́n.

Wọ́n á ní ọmọdé ló ń ṣe é. Ọmọdé wo? Ṣé èyí tí a sọ fún pé bàbá kan gbé ọ̀bẹ sókè láti pa ọmọ rẹ̀, tí a wá ní kó fi òwú ṣe àgbò ibẹ̀? Ikú kò bà wá lẹ́rù. Ìtìjú ọkùnrin ńlá ló ń bà wá lẹ́rù.

Ẹ wo Jẹ́nẹ́sísì 38. Júdà ṣèlérí ọmọ rẹ̀ kẹta fún Támárì opó, kò mú un ṣẹ. Obìnrin náà da aṣọ bojú, Júdà rò pé aṣẹ́wó ni, ó fi èdìdì, okùn àti ọ̀pá rẹ̀ dógò. Nígbà tí oyún hàn, Júdà ní kí wọ́n mú un jáde, kí wọ́n dáná sun ún. Támárì kò pariwo. Ó fi ẹrù mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ sí bàbá ọkọ rẹ̀ pé ẹni tó ni wọ́n ló ni oyún. Bí ìyẹn kì í bá ṣe àrokò, kí àwọn olùkọ́ wa gba máàkì tí wọ́n fún wa padà. Júdà fúnra rẹ̀ gbà pé obìnrin náà ṣòdodo ju òun lọ. Ìbejì ló bí, láti ara ọ̀kan nínú wọn, Péresì, ni Dáfídì sì ti ṣẹ̀ wá. Àmì ta ló tún rọrùn láti ṣe tó báyìí? Ìtàn náà ti to àmì sílẹ̀ fúnra rẹ̀!

Àwọn kan á ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mátíù kò fọwọ́ òsì júwe ohunkóhun. Ó ń ki Ọba rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá àgbà tó ń kini mọ̀ pé oríkì kì í fọ bàbá ńlá mọ́ tónítóní. Gbèsè, ìjà, àléébù, gbogbo rẹ̀ ń bọ́ síbẹ̀, orí ọmọ tí à ń kì á sì máa wú. A kò gbọ́ ọ rí pé ìyá àgbà ní kí ọmọ kọ́kọ́ dàgbà ná.

Ti Dáfídì náà ńkọ́? Dùùrù nìkan kò tó o. Ó kọ lẹ́tà sí Jóábù pé kí wọ́n fi Ùráyà síbi tí ogun ti gbóná jù kó lè kú, Ùráyà fúnra rẹ̀ ló sì gbé lẹ́tà náà lọ. Ẹ ká ìwé pélébé kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ fi í kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Tí ọmọ bá bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ dá a lóhùn.