Ta Ni Wèrè Níbẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan nínú yàrá wa bi mí pé, "Kí lo fẹ́ fi Yorùbá ṣe gan-an? Ṣé orí ẹ pé?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ Eleanor Glanville ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ fetí sílẹ̀.

Obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1654, ó sì gbé ní Tickenham ní Somerset. Ó ní ilẹ̀, ó ní owó. Ọkọ àkọ́kọ́ kú. Èkejì, Richard Glanville, tó fẹ́ ní 1685, ìbọn ló fi ń halẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n túká. Labalábá ni ìyá yìí wá gbájú mọ́. Òun àtàwọn ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ á tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi ọgbà, wọn á fi ọ̀pá lu ewé, kòkòrò á sì já bọ́ sórí aṣọ. Á gbé e lọ sílé, á máa wá ewé tó ń jẹ fún un, títí tí yóò fi di labalábá. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò ná kẹ́ ẹ tó pè é ní ìranù.

Ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí James Petiver, apòògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kòkòrò lòun náà ń kó jọ. Kódà, àwọn dókítà inú ọkọ̀ tó ń kó ẹrú ní etíkun Áfíríkà wà lára àwọn tó ń bá a wá a. Ta ló pe ìyẹn ní wèrè? Royal Society ni wọ́n gbà á sí ní 1695!

Eleanor kú ní 1709. Ìbátan rẹ̀ kan ló pọ̀ jù nínú ogún rẹ̀ kọ sí. Ni Forest ọmọ rẹ̀ bá gba kóòtù lọ. Ní Wells, lọ́dún 1712, àwọn aládùúgbò wá jẹ́rìí nípa aṣọ àti ọ̀pá. Moses Harris kọ ọ́ ní 1766 pé ohun táwọn ẹbí rò ni pé kò sẹ́ni tórí ẹ̀ pé tó máa lé labalábá kiri. Kóòtù da ìwé ìhágún náà nù.

Ṣé labalábá ló dùn wọ́n? Ó tì o! Ilẹ̀ ni. Ká ní Forest ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún, ta ni ì bá rántí ọ̀pá? Ẹ lè ní kò yẹ kí ìyá fi ogún du ọmọ. Kò burú, ẹ jẹ́ ká jiyàn ìyẹn lọ́tọ̀, ẹ má fi labalábá bò ó mọ́lẹ̀. Labalábá kan ṣì ń jẹ́ orúkọ ìyá náà títí dòní, Glanville fritillary, aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà dúdú. Díẹ̀ nínú èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ mú sì wà ní mùsíọ́mù ní Lọ́ńdọ̀nù.

Páálí méjì ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, oríkì tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá bàbá mi ló kún inú wọn. Orí mi pé. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn lojú ẹ wà lára ẹ̀, sọ ọ́ lójú mi.