Sáà kúkúrú kò ṣeé fi owó lé

Láàárín ọdún 2018 sí 2023, sáà mẹ́fà ni wọ́n gbá ní líìgì àgbà orílẹ̀-èdè yìí, mẹ́rin nínú wọn ni kò gùn tó bó ṣe yẹ. Ti 2018 dúró lẹ́yìn ìpele 24 nígbà tí àwọn alágbára ń du ìjókòó ní àjọ NFF, wọ́n sì ní kí Lobi Stars tó wà lókè tábìlì lọ ṣojú wa ní Áfíríkà. Ti 2018/19, ìsọ̀rí méjì ni wọ́n pín ẹgbẹ́ 24 sí, wọ́n wá kó mẹ́fà tó mókè lọ sí Agége láti lọ parí rẹ̀. Ti 2019/20, kòrónà ló dá a dúró ní ìpele 25. Ti 2022/23 tún di ìsọ̀rí méjì, ó tún di ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́fà. Ó ti mọ́ àwa tí à ń tẹ̀lé e láti Òṣogbo àti Iléṣà lára débi pé bí sáà kan bá gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 pé, ńṣe là ń dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ. Ẹ̀tọ́ wa ni, kì í ṣe ọrẹ.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ti 2022/23 wò dáadáa. Wọ́n ti tú LMC tó ń darí líìgì ká, NFF ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yan Ibrahim Gusau ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2022, ìgbìmọ̀ fìdíhẹ tí Gbenga Elegbeleye jẹ́ olórí rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi fìdí lé. Bọ́ọ̀lù kò yí títí di ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 2023. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń retí orúkọ àwọn tí yóò ṣojú wa kí oṣù Kẹfà tó tán. Ni wọ́n bá pín ẹgbẹ́ 20 sí mẹ́wàá mẹ́wàá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 sì di 18. Mẹ́ta tó bá léwájú ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yóò pàdé ní pápá Mobolaji Johnson ní Oníkàn, l'Ékòó, wọn yóò gbá márùn-ún márùn-ún sí i, ó parí.

Ohun tí ìpín yìí gbà lọ́wọ́ wa ní apá ibí kò hàn nínú tábìlì kankan. Wọ́n fi Shooting Stars (3SC) ti Ìbàdàn sí Ìsọ̀rí A, wọ́n fi Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ sí Ìsọ̀rí B. Sunshine dé Oníkàn, 3SC kò dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni sáà odindi ṣe kọjá tí Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ kò fojú kojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú líìgì. Ẹni tó bá mọ Iléṣà á mọ ohun tí mò ń sọ, torí àárín àwọn méjèèjì ni ìlú náà wà. Osun United tiwa kò sí ní líìgì àgbà, nítorí náà ọkàn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ilé pín sí méjì: àwọn kan ń bá Ìbàdàn lọ nítorí 1976 àti 1992 tí 3SC gba ife Áfíríkà, àwọn kan ń bá Àkúrẹ́ lọ nítorí pé ibẹ̀ ló súnmọ́ wọn, tí wọ́n sì ní ará níbẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n ì bá fi máa fín ara wọn níràn ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹnì kankan kò gbá a. Ta ló san gbèsè ìyẹn fún wa?

Ní Oníkàn, Enyimba àti Remo Stars parí pẹ̀lú pọ́íǹtì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Iye góòlù ló pín wọn níyà, Enyimba sì gba ife fún ìgbà kẹsàn-án. Mi ò sọ pé wọ́n jí i gbé. Àwọn náà ló gba ti Agége ní 2019, ó hàn gbangba pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbá eré tí kò ní àkókò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e nígbà tí líìgì padà sí 38. Ní 2023/24, Rangers gba ife, Remo tún ṣe ipò kejì. Ní 2024/25, Remo gba á nígbà tí ó ṣì ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Kò sí pé à ń ka góòlù. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Sáà tó gùn rìn jìnnà, ó rí ẹgbẹ́ tí Daniel Ogunmodede ti ń kọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ti 2023 kò ráyè rìn.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣe òṣómàáló nígbà kan máa ń kó aṣọ àwìn sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á sì padà wá lóṣòó dúró de owó wọn. Ọjọ́ tí aṣọ kúrò lọ́wọ́ wọn kọ́ ni wọ́n ń ṣírò èrè. Ìgbà tí gbèsè bá wọlé tán ni. Ẹni tó bá wo tábìlì ní ìpele 18 tó sọ pé òun ti mọ ẹni tó dára jù, ó ń ka èrè nígbà tí aṣọ ṣì wà ní ọjà.

Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lè fara da èyí. Inú á bí i, yóò sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Onítẹ́tẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń pa lára jù, òun ni mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí èmi náà máa ń fi owó díẹ̀ sí i lọ́jọ́ Àìkú, mi ò sì ní í fi pamọ́.

Ní oṣù Kẹfà 2023, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kan lágbègbè Ọláìyá, Òṣogbo. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fọ́kánáísà jókòó tì mí, tikẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́, bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí òógùn àtẹ́lẹwọ́ ti mú kó ká. Eré mẹ́wàá, igba náírà. Méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ti Oníkàn, ìyókù jẹ́ ti Sweden, Norway àti Brazil, torí pé líìgì òyìnbó tí gbogbo wa mọ̀ ti lọ ìsinmi. Ó fi 1 sí gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù wa kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó bá wà nílé rẹ̀ ló máa jẹ ẹ́."

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, ní sáà tó pé. Ẹgbẹ́ tó wọ bọ́ọ̀sì láti Makurdi dé Àkúrẹ́, tó sùn díẹ̀, tó sì bọ́ sí pápá níwájú èrò tó ń hó lé e lórí, ó máa ń ṣòro fún un láti kó pọ́íǹtì mẹ́ta lọ. Gbogbo ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ sí líìgì wa ló fi èyí ṣe ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ní Oníkàn, ta ló wà nílé? Enyimba wá láti Aba, Rivers United láti Port Harcourt, Bendel Insurance láti Benin, Lobi láti Makurdi, Remo láti Ìkẹ́nnẹ́, Sunshine láti Àkúrẹ́. Kò sí ọmọ Èkó kankan nínú wọn. "Onílé" tó wà lórí tikẹ́ẹ̀tì kò ju orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ lọ. Ọgbọ́n tí ọmọkùnrin yìí fi oṣù márùn-ún kọ́ ti kú lọ́jọ́ tí wọ́n kó bọ́ọ̀lù kúrò nílé, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Ẹ tún fi ìṣirò kún un. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú eré mẹ́wàá yẹn ní àǹfààní méje nínú mẹ́wàá láti wọlé, ìyẹn sì pọ̀ gan-an. Kí gbogbo wọn tó wọlé pa pọ̀, àǹfààní náà kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn nìyí nígbà tí a bá mọ àwọn ẹgbẹ́ dáadáa. Ní sáà kúkúrú a kò mọ̀ wọ́n, torí ìdajì líìgì kò pàdé ìdajì kejì rí. Kí la fẹ́ fi díwọ̀n Lobi mọ́ Insurance nígbà tí wọn kò tíì bára wọn gbá láti oṣù Kìíní?

Àwọn bàbá wa tó ń ta pọ́ọ̀lù, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ nǹkan kan tí àwa ti gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1963, yìnyín bo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi tí bọ́ọ̀lù kò fi ṣeé gbá lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ pọ́ọ̀lù kó àwọn àgbà bọ́ọ̀lù jọ sí yàrá kan ní London ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní, Tom Finney àti Tommy Lawton wà nínú wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ bí eré 38 tí ẹnikẹ́ni kò gbá ì bá ṣe parí. Wọ́n fún onílé ní 23, àlejò ní mẹ́jọ, wọ́n pe méje ní ọ̀mì. Láti ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ yìí ti di ara òfin pọ́ọ̀lù, ẹni tó bá sì kọ kúpọ́ọ̀nù rẹ̀ mọ̀ ọ́n kó tó san owó. Tí yìnyín bá dé, àwọn àgbà á jókòó. Kò tẹ́ mi lọ́rùn pé ènìyàn ń gbá bọ́ọ̀lù lórí àga, ṣùgbọ́n òfin ti wà nílẹ̀ kí owó tó wà nílẹ̀. Ní 2020 tiwa, bọ́ọ̀lù ti yí ìgbà 25 kí wọ́n tó wá jókòó pín pọ́íǹtì sí iye eré láti fi mọ ẹni tí yóò lọ sí Áfíríkà.

Àwa nìkan kọ́. Lọ́dún kan náà, wọ́n gé eré baseball, èyí tí wọ́n ń fi kóńdó gbá ní Amẹ́ríkà, láti 162 sí 60, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa bá àwọn tó wà ní agbègbè rẹ̀ nìkan gbá. Los Angeles Dodgers tó ṣe dáadáa jù lọ ló gba ife, a sì yọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n Houston Astros borí nínú 29, wọ́n pàdánù 31, wọ́n sì tún wọ àṣekágbá débi tó fi ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n dé ìpele ìkẹyìn. Ẹgbẹ́ tó pàdánù ju bó ṣe borí lọ! Ẹni tó bá fi owó lé wọn lórí lè máa pe ara rẹ̀ ní ọlọgbọ́n.

Ohun tó wá burú jù ni ohun tí onítẹ́tẹ́ máa ń ṣe nígbà tí eré bá tán pátápátá. Nígbà tí kòrónà ti gbogbo pápá pa ní oṣù Kẹta 2020, Belarus ń gbá lọ, àwọn ènìyàn wa sì ń yan ẹgbẹ́ tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí lórí fóònù. Àwọn mìíràn bọ́ sínú eré kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní virtual, èyí tó ń parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí òmíràn sì tún ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìmọ̀ kankan tó wúlò níbẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀, kò sí òjò, kò sí ọ̀nà jíjìn. Owó ń lọ lásán ni.

Àwọn tó ni ilé tẹ́tẹ́ kì í kánjú bẹ́ẹ̀: Kunle Soname, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja sílẹ̀, ni ẹni tó ni Remo Stars. Ẹgbẹ́ rẹ̀ já kúrò ní líìgì àgbà lẹ́ẹ̀mejì kó tó rójú, ó sì ń tọ́ àwọn ọmọ kékeré dàgbà ní Beyond Limits kí wọ́n tó di àgbà. Ọdún púpọ̀ ló fi dúró de ife kan. Ó yẹ kí ẹni tó ń ka igba náírà sórí káńtà ronú nípa irú sùúrù tí ilé tẹ́tẹ́ ní, kó sì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fi ń fẹ́ tirẹ̀ ní àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé òfin lọ́tìrì àpapọ̀ ti 2005, ó ní àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ti dé Abẹ́rẹ́ nìyẹn, ọ̀dọ̀ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kí àwọn aṣòfin wa fi í ṣe òfin pé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kankan ní Ọ̀ṣun kò gbọdọ̀ ta eré líìgì tí wọ́n gé kúrú láìlẹ ìlànà rẹ̀ mọ́ ògiri ní èdè Yorùbá: iye eré tí wọ́n fẹ́ gbá, pápá tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, àti bí owó yóò ṣe rí bí wọ́n bá dá a dúró. Kí apá kan nínú owó orí tẹ́tẹ́ lọ sọ́dọ̀ Osun United àti pápá ìṣeré Òṣogbo. Ní ti àwọn tó ń darí líìgì, bí ọjọ́ bá tún kúrú mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n gbé ìlànà jáde kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó yí, kí wọ́n má sì ya àwọn ẹgbẹ́ ìwọ̀-oòrùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Títí wọ́n á fi ṣe é, ní sáà kúkúrú, èmi á wo bọ́ọ̀lù, èmi á pariwo fún 3SC, mi ò sì ní í kọ tikẹ́ẹ̀tì.