Iṣẹ́ Ìtọ́jú Tọkọtaya Kì í Ṣe Ẹ̀kọ́ Ọ̀sẹ̀ Díẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Òǹkàwé yín tó kọ̀wé pé ẹni tó bá ti pẹ́ nílé ọkọ, tó sì gba ìwé ẹ̀rí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lè máa gbowó ìtọ́jú lọ́wọ́ tọkọtaya ní Turin tàbí Padua, ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Òótọ́ ni pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o, n kò sì bá ìmọ̀ràn àgbà jà. Ṣùgbọ́n òfin Ítálì, nọ́ńbà 56 ti ọdún 1989, pàṣẹ pé ẹni tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ wo ọkàn sàn gbọ́dọ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tàbí ìṣègùn òyìnbó, kí ó sì tún fi ọdún 4, ó kéré tán, kọ́ṣẹ́ níbi tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe jinlẹ̀ tó: ní Milan, nígbà tí oníṣègùn ọpọlọ Mara Selvini Palazzoli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọ́jú ìdílé, àwọn kan a máa bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn yòókù a jókòó sẹ́yìn dígí, wọn a máa ṣọ́ ohun tí ẹnu kò sọ.

Ẹ̀yin ará wa ní Ítálì, mo bẹ̀ yín, ẹ wádìí bóyá orúkọ ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn oníṣẹ́ náà, kí ẹ tó tú àṣírí ilé yín fún un.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Turin