Ìka Tó Ń Dàgbà Ju Ọmọ Lọ

Níbi ìkómọjáde kan ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ìka ẹsẹ̀ kejì ọmọ náà tóbi ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó pín ìrẹsì tán, àwọn màmá kan ti ń bi ìyá ọmọ pé kí ló jẹ nígbà tó lóyún. Inú bí mi, mi ò ní purọ́.

Macrodactyly ni àwọn dókítà ń pè é, kò wọ́pọ̀ rárá. Oúnjẹ kọ́ ló fà á, kì í sì í sábà jẹ́ àjogúnbá. Ìgbà tí ọlẹ̀ bá ń dàgbà nínú ìyá ni àṣìṣe máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì kan, lọ́pọ̀ ìgbà nínú jíìnì PIK3CA, tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà. Tí jíìnì yìí bá ti yí padà, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tinú ìyẹn jáde nìkan ló ń gbọ́ àṣẹ náà. Ìdí nìyẹn tí ìka kan tàbí méjì fi ń tóbi, teegun tọ̀rá, táwọn yòókù sì wà bó ṣe yẹ.

Tó bá jẹ́ ìka ọwọ́ ni, oníṣẹ́ abẹ lè fi ìka òbí wọ̀n ọ́n: ti bàbá fún ọkùnrin, ti ìyá fún obìnrin. Bí ti ọmọ bá ti gùn tó tiwọn, wọ́n á dá ibi tí eegun ti ń dàgbà dúró. Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an.

Oògùn náà ti wà, alpelisib, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2022 fáwọn tí àṣìṣe jíìnì yìí ń yọ lẹ́nu gidigidi, láti ọmọ ọdún 2 sókè. Ṣùgbọ́n torí ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kọ́.

Ìka ẹsẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi dá lé. Tó bá ti tóbi jù, wọ́n lè gé e kúrò pẹ̀lú eegun tó gbé e dúró nínú àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n á ní ká kàn máa dín ọ̀rá ibẹ̀ kù. Ọ̀rá yẹn sì lè tún hù padà, kí wọ́n tún gbé ọmọ lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ní tèmi o, gígé lẹ́ẹ̀kan sàn ju ìyẹn lọ. Ta ló ń ka ìka nínú bàtà?

Ọmọ ọjọ́ ìkómọ yẹn ti ń lọ sílé ìwé báyìí, wọn ò tíì ṣe nǹkan kan sí i. Bàtà méjì, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nìyá rẹ̀ ń rà lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè mú ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.